Táyà Mẹ́rìnlélógún: Ibi Tí Ọkọ̀ Ogun MAZ-7907 Parí Sí

Àwòrán kan wà tó máa ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ kan tó ní táyà méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Bó bá ti jáde báyìí ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ọkọ̀ Rọ́ṣíà ni, wọ́n ṣì ń fi gbé àdó olóró kiri títí dòní. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á. Ẹnì kẹta á béèrè pé bó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò ṣe púpọ̀ sí i, kí àwọn oníṣòwò rà á?

Ọkọ̀ náà wà lóòótọ́. MAZ-7907 lorúkọ rẹ̀. Ìlú Minsk ni wọ́n ti ṣe é, ní Bẹ̀lárúùsì, lọ́dún 1985, nígbà tí Bẹ̀lárúùsì ṣì wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Méjì péré ni wọ́n ṣe. Kò wọ iṣẹ́ ológun rí. Ẹrù tó sọ ọ́ di olókìkí, ọkọ̀ ojú omi ni, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ṣe é kí ọkọ̀ ojú omi náà tó délẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ àdánwò, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́.

Tí iléeṣẹ́ ológun bá ń fẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí, wọn kì í kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á ní kí iléeṣẹ́ ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Wọ́n á wà á nínú ẹrẹ̀, wọ́n á wà á lórí yìnyín, wọ́n á di ẹrù lé e, wọ́n á sì máa wo ibi tó ti fẹ́ kán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ọkọ̀ náà bi: ṣé nǹkan yìí ṣeé ṣe? Ọjọ́ tí wọ́n bá ti rí ìdáhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Àwa tá à ń wò ó látòkèèrè máa ń rò pé ọkọ̀ tó bá yege gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ló yege, tó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí lọ́jọ́ tí ìdánwò parí ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí.

Kí ni wọ́n ń fi MAZ-7907 wá? Lákòókò tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ń fi àdó olóró halẹ̀ mọ́ra wọn, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mísáìlì ńlá máa ń wà. Ihò kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Bí ọ̀tá bá ti mọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n títí láé nìyẹn. Ni àwọn ọ̀gá ológun Sófíẹ́ẹ̀tì bá pinnu pé káwọn máa gbé mísáìlì rìn, kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ kan. Mísáìlì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni RT-23, ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan sì lé ní tọ́ọ̀nù 100. Ẹ fi àgbá tó ń wọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbé e nàró kún un, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù kankan nínú àwọn tó wà nílẹ̀ tó lè gbé e.

Iléeṣẹ́ MAZ ní ẹ̀ka àkànṣe kan tí kò ṣe nǹkan mìíràn ju ọkọ̀ ológun lọ. Boris Shaposhnik ni ọ̀gá àgbà níbẹ̀ láti ọdún 1954. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ò kù gìrì dé orí táyà mẹ́rìnlélógún. Lọ́dún 1983 wọ́n ti ṣe MAZ-7904, ẹyọ kan péré, tó ní táyà méjìlá, tí gíga táyà kọ̀ọ̀kan sì ju mítà mẹ́ta lọ. Japan ni wọ́n ti ra táyà náà, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ọkọ̀ yẹn lè gbé tọ́ọ̀nù 220, ṣùgbọ́n táyà díẹ̀ lábẹ́ ẹrù ńlá á máa tẹ ilẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí Baikonur ní Kasakísítáánì, níbi tí wọ́n ti ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sójú ọ̀run, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gé e wẹ́wẹ́ nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni MAZ-7906 dé, òun náà sì jẹ́ ti ìdánwò.

Ibi tí MAZ-7907 ti gbòòrò ní ọgbọ́n nìyí. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 66 láìtíì gbé nǹkan kan. Ẹrù tí wọ́n ní kó gbé jẹ́ tọ́ọ̀nù 150. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 216. Ẹ pín in sórí táyà mẹ́rìnlélógún, tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wúwo, àmọ́ ilẹ̀ tó bá le díẹ̀ lè fara dà á. Ká ní táyà mẹ́jọ ló ní ni, tọ́ọ̀nù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ì bá jókòó sórí táyà kan, ọkọ̀ náà ì bá sì ti rì kó tó kúrò nínú ọgbà. Àwọn tó ń sọ pé ṣekárími ni táyà tó pọ̀ tó yẹn ò tíì ṣe ìṣirò yìí.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yí táyà mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan náà? Nínú ọkọ̀ akẹ́rù tá a mọ̀, ọ̀pá irin ló ń gba abẹ́ ọkọ̀ lọ láti jíà dé ìdí táyà. Bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yìí bá tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, ọ̀pá àti jíà nìkan ì bá wọn tọ́ọ̀nù lọ́pọ̀lọpọ̀, ojoojúmọ́ ni ọ̀kan nínú wọn á sì máa ṣẹ́. Ni wọ́n bá fi iná ṣe é. Ẹ wo ilé kan tó ní jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé, tí wáyà ti ibẹ̀ gba inú ògiri lọ sí yàrá mẹ́rìnlélógún, tí fáànù kọ̀ọ̀kan sì ń yí ní ààyè tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe MAZ-7907 nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì, irú èyí tó ń gbé ọkọ̀ ogun T-80 rìn, tó lágbára ẹṣin 1,250, ló ń yí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń fi iná ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kékeré mẹ́rìnlélógún, ọ̀kan fún táyà kan, tí agbára ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlówáàtì 30.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò á ti rí i pé 30 lọ́nà 24 jẹ́ 720, nígbà tí agbára ẹṣin 1,250 sì sún mọ́ kìlówáàtì 920. Níbo ni igba tó kù wọlé sí? Apá kan bá ooru lọ, nítorí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń yí gbogbo agbára padà sí iná. Apá kan ló ń bọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń fi nǹkan tútù àti èyí tó ń ṣèrànwọ́ fún ọwọ́ ìdarí. Gbogbo agbára yìí náà, kìlómítà 25 ní wákàtí kan ni eré rẹ̀ tó pọ̀ jù. Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ dáadáa lè bá a sáré.

Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 28, ó sì fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ. Ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ò lè yà sí kọ̀rọ̀ bí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i. Táyà mẹ́jọ tó wà níwájú àti mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn ló ń yà. Mẹ́jọ àárín kì í yà. Wọ́n sì fi oríkèé sí egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà láàárín, kó lè tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bó bá ń kọjá lórí gegele, kí táyà kankan má baà máa fẹsẹ̀ nàró láìkan ilẹ̀. Lójú tèmi, oríkèé yẹn ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán kì í fi í hàn.

Ó rìn. Ó gbé ohun tí wọ́n ní kó gbé. Kí ló wá dé?

Ohun méjì ló kọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: wọ́n fi RT-23 sínú ọkọ̀ rélùwéè tí wọ́n ṣe kó jọ ti ẹrù lásán, láti ọdún 1987 ló sì ti ń jáde sórí irin. Rélùwéè ti wà nílẹ̀ káàkiri Sófíẹ́ẹ̀tì, afárá rẹ̀ sì ti mọ ẹrù wíwúwo. Ohun kejì ni mísáìlì Topol, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti 1985. Tọ́ọ̀nù 45 péré ni Topol. Ọkọ̀ oní-táyà mẹ́rìnlá, tí iléeṣẹ́ Minsk kan náà ṣe, gbé e lọ gbé e bọ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ máa ń dá títúká Sófíẹ́ẹ̀tì lẹ́bi fún ikú MAZ-7907. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Topol ló pa á. Nígbà tí ohun tó fúyẹ́ ti lè ṣe iṣẹ́ tó wúwo, ta ló tún fẹ́ máa wa nǹkan tó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ nínú igbó lóru?

Títúká Sófíẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1991 ló wá ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Àwọn ẹlẹ́rọ tó ṣètò bí RT-23 ṣe máa rí wà ní Dnipro, tó ti di Ukraine. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wà ní Minsk, tó ti di Bẹ̀lárúùsì. Ológun tó yẹ kó rà á wà ní Moscow. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti wà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ nílò mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹ̀ka tó ń ṣe ọkọ̀ ológun ya kúrò lára MAZ, ó di iléeṣẹ́ tó dá dúró fúnra rẹ̀, tó ń jẹ́ MZKT, ó sì kó ọkọ̀ méjèèjì náà mọ́ ogún tó bá a. Ni wọ́n bá wà nínú ọgbà iléeṣẹ́.

Lọ́dún 1996 ni iṣẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi kan láti odò Berezina lọ sí adágún Narach, adágún tó tóbi jù lọ ní Bẹ̀lárúùsì, níbi táwọn èèyàn ti máa ń lọ gbafẹ́. Odò kò já síra láàárín wọn lọ́nà tí ọkọ̀ lè gbà. Ọkọ̀ omi náà gùn tó mítà 40, ó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 88, ìrìn náà sì tó kìlómítà 250 lórí ilẹ̀. Wọ́n jí ọ̀kan nínú MAZ-7907 dìde, wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ ro ó wò: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi àdó olóró pamọ́, ó ń gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ kọjá lójú àwọn ará abúlé. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn náà ni mísáìlì Topol tó gbẹ̀yìn kúrò ní Bẹ̀lárúùsì padà sí Rọ́ṣíà.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ò wá. Wọ́n tú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Èkejì ni wọ́n tún kùn, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì gbé sí àárín àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé iléeṣẹ́ MZKT ní Minsk. Òun ló wà nínú àwòrán tí ẹ ń rí.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ẹnì kẹta lóhùn, ẹni tó ní kí wọ́n tà á fún oníṣòwò. Kí oníṣòwò tó ra ọkọ̀, ó fẹ́ mọ ibi tó ti máa rí sípéà. Méjì péré ló wà láyé. Bí ẹ̀rọ iná táyà kan bá jó, ara èkejì nìkan lo ti lè yọ ọ́, bó o bá sì ti ń yọ lára èkejì, ọkọ̀ kan lo kù tó ń lọ. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò ju ìwọ̀nba àwọn tó ṣe é lọ, àwọn náà sì ń dàgbà. Ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì ọkọ̀ ogun máa ń mu epo yálà ó ń sáré tàbí ó dúró. Àwọn ológun gan-an ń ráhùn nípa ti T-80. Bó ṣe fẹ̀ tó tún túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo ojú títì, kí ọlọ́pàá máa lé ọkọ̀ kúrò lọ́nà níwájú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo lónìí á lọ yá trailer alábala, èyí tí wọ́n lè so pọ̀ gùn tàbí tú kúrú bí ẹrù bá ṣe rí, tí sípéà rẹ̀ sì wà lọ́jà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ àdánwò bá ti pàdánù ológun tó ní kí wọ́n ṣe é, ẹni tó ń ra irin àlòkù ló sábà máa ń kù tó ń béèrè rẹ̀. Ohun tó ń yọ ọ́ lọ́wọ́ onírin àlòkù kì í jẹ mọ́ bó ṣe dára tó. Ibi tó dúró sí, àti bóyá ẹnì kan níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ni.

Ẹ wo ti Amẹ́ríkà. R. G. LeTourneau, ará Longview ní Texas, ta iléeṣẹ́ tó fi ń ṣe ẹ̀rọ ìwakòtò fún Westinghouse Air Brake lọ́dún 1953, ó wá gbájú mọ́ ọkọ̀ tí ẹ̀rọ iná wà nínú táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tí MAZ lò lọ́dún 1985, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Àwọn èèyàn máa ń da ọkọ̀ rẹ̀ mẹ́ta pọ̀ mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n forí tì yàtọ̀ síra.

Àkọ́kọ́ ni VC-22, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ akẹ́rù kan ní Alaska. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣe é, láti kó ẹrù lọ fún àwọn ilé rédà tí Amẹ́ríkà ń kọ́ sí àríwá nítorí ìbẹ̀rù bàálù Sófíẹ́ẹ̀tì. Kò lò ju àkókò òtútù kan lọ àti díẹ̀ nínú èkejì tí ó fi ṣẹ́po lójú ọ̀nà, tí iná sì jó ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà lágbègbè Fox, nítòsí Fairbanks, ìpẹtà ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń kọjá á sì yà á ní fọ́tò.

Èkejì ni LCC-1, ti ológun, táyà mẹ́rìndínlógún. Ó ṣiṣẹ́ lórí yìnyín Greenland. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, àárín irin àlòkù ní Alaska ló bá ara rẹ̀. Orí ló yọ ọ́: àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní Whitehorse, ní Kánádà, ló gbé orí ọkọ̀ náà, òun ló sì wà níta ilé wọn báyìí.

Ẹ̀kẹta ló ga jù. TC-497 gùn ní mítà 174, ó ní táyà 54, gíga táyà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì mẹ́rin ló ń fún un níná, àwọn mẹ́fà tó ń wà á sì ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú orí ọkọ̀. Ó dé pápá ìdánwò Yuma, ní aṣálẹ̀ Arizona, lọ́dún 1962. Ọdún yẹn gan-an ni hẹlikópítà akẹ́rù ńlá Sikorsky kọ́kọ́ fò. Hẹlikópítà yẹn ò lè gbé tó ìdá mẹ́wàá ohun tí TC-497 ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí òkè tàbí odò tó lè dá a dúró, òun làwọn ológun sì yàn. Lọ́dún 1969 wọ́n ní kí ẹni tó bá ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún dọ́là, ìyẹn $1,400,000, wá gbé TC-497. Ẹnì kankan ò yọjú. Onírin àlòkù tó wà ládùúgbò ló kó gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ lọ. Orí ọkọ̀ nìkan ló kù, ó wà lójúde ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pápá Yuma.

Ẹ ò ri i? Èyí tó jóná ló ṣẹ́kù jù nínú VC-22 àti TC-497, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wàhálà gbígbé e kúrò nínú òtútù Alaska.

Àṣìgbọ́ kan ṣì kù. Nítorí pé BelAZ, tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ibi ìwakùsà, wà ní Zhodino tí kò jìnnà sí Minsk, àwọn kan gbà pé MAZ-7907 ló bí àwọn òmìrán ọkọ̀ tí BelAZ ń tà lónìí. Iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìlò iná láti yí táyà sì ti wà nínú ọkọ̀ ìwakùsà ṣáájú MAZ-7907. BelAZ-75710, tó jáde lọ́dún 2013, ń gbé tọ́ọ̀nù 450, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí MAZ-7907 lè gbé, táyà mẹ́jọ péré ló sì fi ń gbé e. Bí ìṣirò táyà tá a ṣe lókè bá ń dà yín láàmú báyìí, ìdí rẹ̀ ni pé inú ọgbà ìwakùsà nìkan ni BelAZ ti ń rìn, lórí ọ̀nà tí wọ́n fi katakátá tẹ̀ le nítorí tirẹ̀, kò sí afárá, kò sí igbó, kò sí ọ̀tá tó ń wò ó látòkè. Òkúta tó gbé lówùúrọ̀ ló ń san owó epo tó mu lọ́sàn-án. MAZ-7907 ò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rìn, ẹrù tó sì dúró dè é kò pawó wọlé fún ẹnikẹ́ni.